Olórin Inú Pósí

Ìgbà àkọ́kọ́ tí Japhet Ògúntádé kú lójú agbo, kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Iná ló gbé e. Ọjọ́ Àìkú kan ni, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990, nínú gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì kan ní Kakuri, ní ìlú Kàdúná, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọrin fún àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ aláṣọ tí wọ́n wá fi bíà pa òǹgbẹ ọ̀sẹ̀ kan. Kò sẹ́ni tó ń gbọ́ wọn. Àwọn kan ń ta dírááfù, àwọn kan ń jiyàn bọ́ọ̀lù. Japhet na ọwọ́ mú maíkì, ọwọ́ kejì wà lórí okùn jìtá, ni iná bá gbá a mú. Ó ta gìrì, ó ṣubú lulẹ̀ gbì, ẹyinjú rẹ̀ yí sókè, ó ku kìkì funfun.

Gbọ̀ngàn dákẹ́ ná, kí igbe tó ta. Ẹnì kan ń pe Jésù, ẹnì kan ń ka Kálímà. Hámzàt, onílù wọn, ló sáré fa wáyà yọ lára ògiri, tó wá ń fi ọwọ́ méjèèjì gbá a láyà. Nígbà tí Japhet la ojú tó sì dìde jókòó, ariwo tó bọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí páànù orí ilé. Àwọn tí kò mọra rí ń dì mọ́ra. Ọdún mẹ́sàn-án ni Japhet ti ń ta jìtá, kò sẹ́ni tó yọ̀ mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Bí wọ́n ṣe ń lọ sílé, apá rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n. Hámzàt ní kí àwọn yà sí ọsibítù.

“Ṣé o gbọ́ ariwo yẹn?” ni Japhet bi í.

“Ọ̀rọ̀ ọsibítù ni mò ń bá ọ sọ.”

“Hámzàt, ṣé o gbọ́ ọ?”

Kàdúná ni wọ́n bí Japhet sí. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀, akọ̀wé rélùwéè ni, díákónì sì ni ní ìjọ Onítẹ̀bọmi, òun ló ń darí ẹgbẹ́ akọrin. Ṣọ́ọ̀ṣì ni Japhet ti kọ́ jìtá, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti gba jìtá lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tó di pé kò lè ta orin ìyìn kan kó má gbé e gba ilé ọtí kọjá. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka aró ní iléeṣẹ́ aláṣọ kan, kò sí ọjọ́ tí àwọ̀ kan kì í wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Mahuta ni òun àti Tinúkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ń gbé pẹ̀lú Tèmidire, ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo. Télọ̀ ni Tinúkẹ́. Ní ti Hámzàt, ọmọ Ọ̀yọ́ ni, Mùsùlùmí, káfíńtà. Tudun Wada ni ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n Makera ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, nínú yàrá ẹ̀yìn ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ náà ti ń dánra wò.

Kò tó oṣù kan lẹ́yìn tí iná gbé e tí Japhet fi wá bá Hámzàt ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní kó bá òun kan pósí.

“Ta ló kú?”

“Èmi ni.”

Hámzàt gbé ayùn sílẹ̀. “Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í fi pósí sìnkú,” ó ní. “Aṣọ funfun la fi ń wé e, ó di inú ilẹ̀. Mùsùlùmí wo lo rí tó ń kan pósí?”

“Kì í ṣe pósí òkú. Orí ìtàgé la ó máa gbé e sí.”

Ó kàn án, nítorí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni. Ó lu ihò wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé, ó sì ṣe ìdérí rẹ̀ kó ṣeé ṣí láti inú. Tinúkẹ́ rán aṣọ òkú gígùn kan. Òun náà ló wá ọgbọ́n ẹ̀jẹ̀: ó se sóbò, omi ìsápá pupa, títí tó fi ki, ó po ọ̀gì díẹ̀ mọ́ ọn, ó sì dì í sínú ọ̀rá kéékèèké tí Japhet lè fi eyín já. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò nínú yàrá, òun àti ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí Tèmidire fi wá wo ohun tó ṣe wọ́n.

Bí eré bá ti bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin mẹ́rin yóò gbé pósí náà gba àárín èrò wọlé, Hámzàt yóò máa lu ìlù ńlá kan ṣoṣo, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń bọ̀. Ìdérí yóò ṣí. Japhet yóò dìde jókòó, ẹfun lójú, tìróò yí ẹyinjú ká, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀. Ìgbà náà ni jìtá yóò wá ké bí ìgbà tí wọ́n bá ń fa páànù ya. Àwọn Hausa tó wà nínú èrò ló sọ ọ́ ní Gáwà, ìyẹn òkú, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ.

Orin kan ló fi máa ń kádìí. Yóò fa àdá yọ, àdá igi tí wọ́n fi bébà dídán inú páálí sìgá wé, yóò nà án sí àwọn ènìyàn, yóò bi wọ́n ní Hausa pé ta ni yóò kú lónìí: “Wa zai mutu yau?” Gbogbo gbọ̀ngàn yóò sì dáhùn pé kì í ṣe èmi: “Ba ni ba!” Yóò bi wọ́n, wọn yóò dá a lóhùn, títí ohùn gbogbo wọn yóò fi há. Ó máa ń sọ fún Tinúkẹ́ pé ikú ni àwọn ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, pé ara àwọn ènìyàn máa ń fúyẹ́ bí wọ́n bá ń lọ sílé. Ó gba ohun tó ń sọ gbọ́.

Màlámù Ìdí, alátíì tó ń jókòó ní òdìkejì ọ̀nà sí ṣọ́ọ̀bù Hámzàt, ló kọ́kọ́ gbọ́ orin náà. Yóò gbé tíì wá fún wọn níbi tí wọ́n ti ń dánra wò, yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò máa fi orí gba orin. Ó máa ń fi Japhet ṣe ẹ̀fẹ̀ nítorí ṣúgà. “Òkú wo ló ń mu ṣúgà mẹ́fà?” ni yóò wí, yóò sì tún fi kan sí i.

Ọ̀sán Àbámẹ́ta kan, bàbá Japhet wá sí Mahuta. Kò jókòó. Ó di fìlà rẹ̀ mú, ó ń wo pósí tí wọ́n gbé ti ògiri.

“Japhet, ọmọ mẹ́ta ni èmi àti ìyá rẹ sin kí a tó bí ọ,” ó ní. “Èmi ni mo gbé wọn dé itẹ́. Mo mọ bí pósí ṣe ń wúwo. Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín níbẹ̀?”

“Bàbá, eré ni, ẹ jọ̀ọ́.”

“Eré ta ni?”

Bàbá náà dé fìlà rẹ̀, ó kí Tinúkẹ́, ó lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, wọ́n yọ orúkọ Japhet kúrò nínú ìwé ọmọ ìjọ.

Bádéjọ ló sọ eré náà di iṣẹ́. Èkó ni Bádéjọ ti wá, Ungwan Rimi ló ń gbé, ó ń tẹ kásẹ́ẹ̀tì, ó ń tà á. Ó gba orin Gáwà sí kásẹ́ẹ̀tì ní ọdún 1991, ó tẹ ojú ẹlẹ́fun náà sí ara páálí rẹ̀, kò sì sí ibùdókọ̀ tí wọn kì í ti í gbé e láti Kàdúná dé Zaria. Japhet fi iṣẹ́ aró sílẹ̀. Wọ́n lọ sí Jos, wọ́n lọ sí Makurdi. Ní Jos ni ẹnì kan ti kígbe láti àárín èrò pé ẹ̀jẹ̀ yẹn ń rùn bí sóbò, tí gbogbo ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dun Japhet. Ọ̀sẹ̀ kejì, Bádéjọ ra àkùkọ kan wá, Japhet sì fi àdá gidi bẹ́ ẹ lórí lójú agbo. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó gbé aṣọ eré dé ilé, Tinúkẹ́ gbé e sí imú, ó sì dá a padà fún un.

“Sóbò ni mo mọ bí wọ́n ṣe ń fọ̀ kúrò lára aṣọ, Bàbá Tèmi,” ó ní. “Èyí, ẹ wá ẹni tó máa bá yín fọ̀ ọ́.”

Àṣé èyí tó ń bọ̀ ju ti àkùkọ lọ. Ní ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù karùn-ún ọdún 1992, Japhet àti Hámzàt wà nínú ṣọ́ọ̀bù ní Makera láàárọ̀, wọ́n ń tún ẹsẹ̀ ìlù kan ṣe. Wọ́n rí èéfín lókè rélùwéè. Kò pẹ́, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kọjá, ìyá kan tó ń ta ewébẹ̀ sì dúró sọ fún wọn pé ìjà Mùsùlùmí àti ọmọ ìjọ tó bẹ̀ sílẹ̀ ní Zangon Kataf ti wọ ìgboro, pé àwọn kan ń lọ láti ilé dé ilé ní Makera, wọ́n ń wá Mùsùlùmí, pé ní apá ibòmíràn nínú ìlú, àwọn mìíràn ń wá ọmọ ìjọ bẹ́ẹ̀ gan-an. Japhet wo òdìkejì ọ̀nà. Tábìlì Màlámù Ìdí ti dojú dé, mílíìkì ti ṣàn sínú yanrìn. Màlámù kò sí níbẹ̀. Wọ́n rò pé ó ti sá lọ.

Hámzàt jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Gbogbo àdúgbò ló mọ orúkọ rẹ̀, ó wà lára pátákó ẹnu ọ̀nà. Bárékè ọlọ́pàá kò ju ìrìn ìṣẹ́jú ogún lọ, ṣùgbọ́n oríta méjì ló wà láàárín.

“Wọnú rẹ̀,” ni Japhet wí.

Hámzàt wo pósí, tó wà ní igun ṣọ́ọ̀bù láti ìgbà eré tó kọjá. Ó yé e láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni là á yé e. Mùsùlùmí kì í wà nínú pósí. Ẹni tó bá wà níbẹ̀, ọmọ ìjọ ni. Ó wọlé, ó kó ọwọ́ lé àyà, Japhet sì dé e. Ó gbé pósí sórí ọmọlanke tí Hámzàt fi ń ru pákó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tì í.

Wọ́n kọjá oríta àkọ́kọ́. Ní èkejì, táyà ń jó lójú títì, ọ̀dọ́kùnrin bí ogún sì dúró pẹ̀lú àdá àti igi. Japhet ti ní irọ́ kan lẹ́nu, pé àbúrò òun ló kú, kò sì tíì sọ ọ́ tán tí ọ̀kan nínú wọn fi tẹjú mọ́ ọn.

“Gáwà,” ni ọmọkùnrin náà wí. “Gáwà ni.”

Ojú gbogbo wọn yí padà. Ẹ̀rín ló gba ojú náà, irú èyí tó mọ̀ láti orí ìtàgé. Wọ́n yí i ká, wọ́n ń gbá a lẹ́yìn, ẹnì kan ń fi ọwọ́ lu pósí bí ìlù. Wọ́n ní kó kọ ọ́. Kò bi wọ́n pé èwo.

Ìgbà tó gbé orí sókè láti kọrin ló rí i. Lẹ́bàá gọ́tà, ènìyàn kan dùbúlẹ̀, wọ́n fi ẹní bò ó láti àyà dé orúnkún. Ẹsẹ̀ kan wọ sálúbàtà onítáyà, èkejì kò wọ nǹkan. Ojú rẹ̀ wà níta. Màlámù Ìdí ni.

Japhet kọrin. Ó gbé ọwọ́ òfìfo sókè bí ẹni pé àdá igi náà wà níbẹ̀, ó bi wọ́n pé wa zai mutu yau, wọ́n sì gbé àdá tiwọn sókè, wọ́n dáhùn pé ba ni ba. Nǹkan ń kán lára àwọn àdá náà, kì í sì í ṣe omi. Ó bi wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Ó bi wọ́n lẹ́ẹ̀kẹta. Wọn kò ṣi orin kan, wọn kò fi ohùn kan sílẹ̀, kò sí gbọ̀ngàn tó dá a lóhùn dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí.

Lẹ́yìn náà, ẹnì kan gbé ọwọ́ lé ìdérí pósí. Ó ní kí òkú dìde kí àwọn rí i. Japhet ṣubú lé ìdérí náà, ó yí ẹyinjú sókè, ó ń gbọ̀n, itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀, ó fi ohùn abẹ́ ikùn tó fi ń dẹ́rù ba àwọn ọmọ Jos sọ pé òkú inú rẹ̀ kò tíì jẹun. Ọmọkùnrin náà yọ ọwọ́ rẹ̀ kíá. Àwọn yòókù fi í rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé táyà kan kúrò lọ́nà, wọ́n bá a ti ọmọlanke kọjá, ọ̀kan nínú wọn sì fi náírà márùn-ún lẹ̀ ẹ́ níwájú orí bí wọ́n ṣe máa ń ná olórin lówó. Owó náà tutù. Ó lẹ̀ mọ́ ọn lórí títí ó fi dé bárékè, nítorí kò lè fi ọwọ́ kàn án.

Nígbà tí wọ́n ṣí pósí lẹ́yìn géètì ọlọ́pàá, Hámzàt ti gé ara rẹ̀ jẹ lọ́rùn ọwọ́ kó má bàa dún. Ó jókòó sí ilẹ̀, ó mu omi, kó tó sọ̀rọ̀.

“Mo gba inú ihò rí ẹsẹ̀ ẹnì kan. Ó wọ sálúbàtà onítáyà. Ṣé kì í ṣe Màlámù Ìdí?”

“Mi ò mọ̀,” ni Japhet wí. “Mi ò rí ojú rẹ̀.”

“Ṣé ó dá ọ lójú?”

“Mi ò rí ojú rẹ̀, Hámzàt.”

Nígbà tí ọ̀nà là, ọkọ̀ kan ti wá kó àwọn òkú ojú títì lọ, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n sin wọ́n sí. Hámzàt kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Tudun Wada, kò padà sí Makera mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìlú ṣe pín, oníkálùkù ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀. Japhet kò rí onílù mìíràn tó fẹ́. Ó máa ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà ní Mahuta láti àárọ̀. Bí Tinúkẹ́ bá gbé tíì wá, kì í mu ún. Ó bi í léèrè títí, ó sú u.

Ní oṣù kẹwàá, Bádéjọ wá. Kásẹ́ẹ̀tì ti tán lọ́jà lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà ìjà náà. Ó ti gba gbọ̀ngàn ńlá kan, ó sì ti háyà àwọn onílù.

“Ìlú ti jìyà, wọ́n fẹ́ ṣeré,” ni Bádéjọ wí. “Ìwọ náà ní ọmọ láti bọ́.”

“Ọ̀gá, mi ò ní kọ orin yẹn.”

“Ṣáà wá. Kọ èyí tó bá wù ọ́.”

Ó lọ. Gbọ̀ngàn kún títí dé ojú fèrèsé. Ó dìde nínú pósí, ó kọ orin mẹ́rin, ẹ̀jẹ̀ sóbò ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ń lọ bó ṣe máa ń lọ. Nígbà tó ní òun ti parí, wọn kò jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin náà fúnra wọn. Apá kan ń béèrè, apá kejì ń dáhùn, wọn kò tilẹ̀ nílò rẹ̀. Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ojú ẹfun, ó ń wò wọ́n láti ìlà iwájú dé ẹ̀yìn, ó ń wá àwọn tó wà ní oríta, gbogbo ojú sì jọra.

Ó ní kí àwọn onílù dákẹ́. Ó mú maíkì, ó bá wọn sọ̀rọ̀ ní Hausa.

“Ẹ ń béèrè ẹni tó kú. Ìdí ló kú, Ìdí alátíì, ní oríta Makera. Mo rí i lẹ́bàá gọ́tà. Mo mọ̀ ọ́n. Mo sì kọrin fún àwọn tó pa á.”

Ẹnì kan láti ẹ̀yìn kígbe pé ba ni ba. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n gbà á lẹ́nu ara wọn, ba ni ba, ba ni ba, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Wọ́n rò pé orin tuntun ni. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ tó gba ẹ̀yìn jáde, Bádéjọ dì mọ́ ọn, ó ní ibi tó ti dárúkọ ènìyàn yẹn, kò sí irú rẹ̀, kó máa fi sí i nígbà gbogbo.

Ní ọjọ́ kejì, ó lọ sí Tudun Wada. Ó bá Hámzàt níbi tó ti ń fá pákó lẹ́yìn ilé àna rẹ̀. Wọ́n kí ara wọn. Japhet kò jókòó.

“Mo rí ojú rẹ̀,” ó ní. “Màlámù Ìdí ni. Mo ti rí i kí n tó kọrin.”

Hámzàt gbé rándà sílẹ̀.

“Ìyàwó rẹ̀ wà ní òpópó méjì sí ibí,” ó ní. “Sàdíátù. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń wá bi mí bóyá mo gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n sọ fún un pé wọ́n rí ọkọ rẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Kano. Ó ń fi oúnjẹ pamọ́ dè é. Oṣù márùn-ún, Japhet. Mo sì ń sọ fún un pé kó ní sùúrù, nítorí pé o ní o kò rí ojú rẹ̀.”

“Ojú ń tì mí ni.”

“Mo rí bẹ́ẹ̀.” Hámzàt fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. “Ìwọ lo gbé mi kọjá. Bí o kò bá kọrin, wọn ì bá ti ṣí i. Kí n dúpẹ́ ni àbí kí n bínú? Láti ìgbà náà, méjèèjì ni mò ń ṣe pọ̀.”

Ó wẹ ọwọ́, ó wọ ẹ̀wù, ó ní kí wọ́n máa lọ.

Wọ́n kọ́kọ́ lọ pe ìmáàmù àdúgbò, nítorí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé sọ ní gbangba ìta. Inú zaure, yàrá ẹnu ọ̀nà ilé Sàdíátù, ni wọ́n jókòó sí. Sàdíátù jókòó lẹ́yìn aṣọ tí wọ́n ta sí ẹnu ọ̀nà inú ilé. Ní Hausa ni wọ́n sọ ọ́. Ìmáàmù bi Japhet ní orúkọ rẹ̀. Ó fẹ́ sọ pé Gáwà, ó gbé e mì, ó ní Japhet, ọmọ Ògúntádé.

Ó sọ ọjọ́, ó sọ oríta, ó sọ wákàtí. Ó sọ nípa ẹní àti sálúbàtà. Ìmáàmù ní ẹ̀rí ẹnì kan kò tó. Hámzàt ní òun náà rí sálúbàtà yẹn, àpá àtijọ́ kan wà ní kókósẹ̀ ẹsẹ̀ náà, ibi tí omi tíì gbígbóná ti jó Màlámù nígbà kan. Láti ẹ̀yìn aṣọ, wọ́n gbọ́ tí Sàdíátù mí kanlẹ̀.

“Òun ni,” ó ní. “Ẹsẹ̀ òsì.”

Kò sunkún. Ó bi Japhet pé kí ló ṣe níbẹ̀.

“Mo kọrin.”

“Orin wo?”

Japhet wolẹ̀. Hámzàt kò gbà á sílẹ̀.

“Ṣé èyí tí wọ́n ń gbé ní ibùdókọ̀?” ni obìnrin náà tún bi í.

“Òun ni.”

“Mo mọ̀ ọ́n,” ni Sàdíátù wí.

Nígbà tó ṣe, ó bi ìmáàmù bóyá òun lè bẹ̀rẹ̀ opó. Ìmáàmù ka ìka ọwọ́ rẹ̀, ó tún un kà. Ó ní ọjọ́ ikú gan-an ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, pé ó ti pé láti ìparí oṣù kẹsàn-án. Kò sí opó kankan lọ́rùn rẹ̀ mọ́.

“Ó parí kí n tó mọ̀ pé ó bẹ̀rẹ̀,” ni Sàdíátù wí.

Wọ́n gbọ́ tó dìde tó lọ sínú ilé. Ìmáàmù ṣe àdúà, Hámzàt ń ṣe àmín, Japhet tẹ orí ba. Nígbà tí wọ́n jáde, Hámzàt bá a rìn dé ibi tí ọkọ̀ ti ń dúró. Ó ní kó bá òun kí Tinúkẹ́. Kò ní kó padà wá, kò sì ní kó má wá.

Japhet kò gun orí ìtàgé mọ́. Iléeṣẹ́ aláṣọ gbà á padà sí ẹ̀ka aró, gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ tuntun, ó sì fara mọ́ ọn. Ó lọ bẹ Bádéjọ kó dẹ́kun títa kásẹ́ẹ̀tì náà. Bádéjọ kò bínú. Ó ní òun lè dẹ́kun, ṣùgbọ́n ta ni yóò gba orin náà kúrò lẹ́nu àwọn ènìyàn? Nígbà tó fi di ọdún 1994, ó ti rí ọkùnrin mìíràn, Dominic, ọmọ Makurdi tó ga tó sì mọ jìtá ta, ó kùn ún lẹ́fun, ó pè é ní Gáwà Kejì.

Ọ̀sán Àìkú kan, Japhet lọ dúró dè é lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Ó gbọ́ orin náà láti ìta, ó gbọ́ ìdáhùn wọn. Dominic jáde, ó ń fi tówẹ̀lì nu ọrùn. Nígbà tó mọ ẹni tó dúró níwájú rẹ̀, ó kí i pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó fà á lọ sábẹ́ igi máńgòrò kan, ó gbé àga fún un. Japhet sọ gbogbo rẹ̀ fún un, oríta, àdá, ẹní, obìnrin tó ń fi oúnjẹ pamọ́. Dominic gbọ́ ọ dé ìparí, kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Omi wà lójú rẹ̀.

“Ọ̀gá,” ó ní, “ṣé ẹ fẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ yìí sínú orin ni?”

Japhet wò ó. Ẹfun ti ń gbẹ lójú ọmọkùnrin náà, ó ń sán wẹ́wẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ imú.

“Rárá,” ó ní. “Jókòó, kí n sọ fún ọ irú ènìyàn tí Màlámù Ìdí jẹ́.”